Oúnjẹ Tí Mo Ṣe Lọ́tọ̀ fún Bọ̀dá Akin

Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣe oúnjẹ orí kẹ̀kẹ́ fún òun lónìí, kó tó sọ iye tó fẹ́, màá kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe é lára. Mi ò ní fà á sí kọ̀rọ̀ bi í. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dúró sí ni mo ti ń bi í, ní ohùn tí gbogbo wọn á gbọ́. Àwọn kan máa ń bínú. Bàbá kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé nọ́ọ̀sì ni mí ni. Mo ní rárá o, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fẹ́ dáhùn, kí wọ́n lọ ra bisikíìtì. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Kò mú tó báyìí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yẹ kó mú gan-an ni mo pa á dé, mo sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún odidi ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà tó bẹ̀ mí padà.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ṣe dòdò tí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Bìní. Ibẹ̀ náà ló kú sí, ó fi mí sílẹ̀ ní Uwasota pẹ̀lú ọmọ méjì àti ààrò búrẹ́dì kékeré kan. Ṣin-ṣin àti pọfupọfu ni mo ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí n tó mọ̀ pé àwọn èèyàn wà tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wa kẹ̀kẹ́ láti Bìní dé Ekpoma, tí wọ́n á tún wà á padà, tí kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn.

Bọ̀dá Akin ló sọ ọ́ fún mi. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, olùkọ́ ní yunifásítì, alàgbà nínú ìjọ tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ń lọ. (Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, ó jù mí lọ dáadáa. "Ó" ni màá máa kọ níbí kí ẹ má baà rò pé èèyàn méjì ni.) Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó ra kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí i nínú ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ itan tí wọ́n fi ń gùn ún, ìyá kan nínú ìjọ ní kí a gbàdúrà fún un. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ó pè mí síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fún mi ní nǹkan kan tí wọ́n fi bébà dídán wé, tí ẹnì kan mú bọ̀ fún un láti òkè òkun. Ó ní kí n jẹ ẹ́ wò. Mo gé e jẹ, mo sì tu ú sínú áńkáṣífì mi. Mo ní èyí tí a fi ń bọ́ adìẹ ní Ìkirè sàn jù ú lọ. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó máa wà lórí kẹ̀kẹ́ fún wákàtí márùn-ún kò lè dúró jẹ ẹ̀bà. Ohun tó máa wọ àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù ló ń fẹ́, tí ọwọ́ kan á lè mú jẹ, tí kò ní bá inú jà, tó sì máa fún ara lágbára kíákíá. Ó bi mí bóyá mo lè ṣe é. Mo ní ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọmọ Ìkirè ni mí ni. Mo rò pé ìdáhùn nìyẹn.

Ojú mi rí tó. Dòdò ìlú wa ni mo kọ́kọ́ fún wọn; epo pupa rẹ̀ ba ẹ̀wù èèyàn mẹ́ta jẹ́, ata rẹ̀ sì mú kí Bọ̀dá máa ṣe òsúkè gun òkè. Mo lọ ẹ̀pà pọ̀ mọ́ oyin. Kí wọ́n tó dé Ehor lójú ọ̀nà Ekpoma, oòrùn ti yọ́ ọ, ó ti lẹ̀ mọ́ bébà, wọ́n sì jẹ ẹ́ tòun ti bébà. Mo fi àgbọn tútù ṣe é. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kan. Osaro ló wá fẹjọ́ ìyẹn sùn. Òun ni olórí àwọn agunkẹ̀kẹ́ náà, ọmọ Ẹ̀dó tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní Airport Road, níbi tí wọ́n ti ń gbéra láàárọ̀ Sátidé. Ó wọlé mi tòun ti akoto lórí, ó ní ṣé mo fẹ́ pa àwọn ni. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Mi ò fẹ́ràn láti máa rántí rẹ̀.

Ó gbà mí ní bí oṣù mẹ́rin kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Ọjà Oliha ni mo ti ń ra dàbínò, èyí tó rọ̀ nìkan, màá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, màá yọ kóró rẹ̀, màá gún un. Màá yan ẹ̀pà, màá fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, màá gún òun náà díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kúnná, torí bó bá kúnná, òróró rẹ̀ á jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa ńkọ́? Iná jẹ́jẹ́ ni mo fi ń gbẹ ẹ́. Màá wá po gbogbo rẹ̀ mọ́ óòtì yíyan, oyin, atalẹ̀, àti iyọ̀ tó ju èyí tí ẹ máa rò lọ, nítorí òógùn ń gbé iyọ̀ lára èèyàn lọ. Màá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, màá yan án, màá gé e ní ìwọ̀n ìka méjì. Bébà tí òróró kì í là kọjá ni mo fi ń wé e, màá lọ́ ọ lórí lẹ́sẹ̀, màá sì fi òwú pupa so ó wẹ́rẹ́, torí eyín ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ fi ń tú u. Bí oúnjẹ dùn ju oyin lọ, tí ọwọ́ kan kò bá ti lè ṣí i, inú àpò ló máa bá padà wálé.

Àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n á ní lágbájá ti "nọ́ọ̀kì", bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ṣe máa ń nọ́ọ̀kì tí ọ́ìlì rẹ̀ bá tán. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé agbára inú ara ti tán lójijì. Bọ̀dá ní kí n jókòó sínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan kí n lè fojú ara mi rí i. Ọkùnrin gìrìpá kan, òṣìṣẹ́ báńkì, sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó jókòó sínú koríko, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n fún un ní méjì nínú oúnjẹ mi. Kò pẹ́ rárá tí ojú rẹ̀ fi là, tó sì ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dúró ṣe. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn. Èmi opó tó ń dín ṣin-ṣin.

Anti Bísí ni ìyàwó Bọ̀dá Akin. Kí ẹ lè mọ ohun tó jẹ́ sí mi: nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá fẹ́ kó ẹrù, òun ló dúró sẹ́nu ọ̀nà mi tó ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sùn tì mí. Kò sí ohun tí Anti Bísí máa bẹ̀ mí tí màá ní rárá.

Ó wá sílé mi ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó tún lọ wo ẹ̀yìn ilé. Ó wá sọ fún mi pé wọ́n ti rí àtọ̀gbẹ lára Bọ̀dá, ó sì ti ń lo oògùn. Ó ní Bọ̀dá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ gbọ́. Wọ́n á máa fojú aláìsàn wò ó, wọ́n á máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ìta gbangba. Òun náà kò fẹ́ kí ayé gbọ́. Bọ̀dá ń dá lọ rí dókítà ni, kì í jẹ́ kí òun tẹ̀ lé e. Dókítà ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ó dára fún un. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú oúnjẹ mi, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń kó mẹ́fà, méje sápò, bí òun bá sì sọ̀rọ̀, á ní dókítà fọwọ́ sí i. Anti ní irọ́ ni. Dókítà wo ló máa fọwọ́ sí dàbínò àti oyin fún alátọ̀gbẹ?

"Ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, Ṣadé," ó ní. "Má fi nǹkan dídùn kankan sí i. Má sì jẹ́ kó mọ̀."

Èmi náà rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Ohun tí a mọ̀ nílé wa nípa àtọ̀gbẹ kò ju pé ṣúgà ló fà á, torí náà kí èèyàn sá fún ṣúgà. Àbúrò ìyá mi ní in, ewúro àti ẹ̀wà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè irú oògùn tí Bọ̀dá ń lò, tàbí láti ní kí àwa méjèèjì lọ bá dókítà. A ń tọ́jú ẹni tí a fẹ́ràn, a sì ń bo àṣírí rẹ̀. Lójú wa, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì.

Ẹ̀pà ni mo fi ṣe tiẹ̀, àti ẹ̀wà tí mo yan tí mo sì lọ̀, àti ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Mo fi atalẹ̀ sí i rẹpẹtẹ kó lè ta á lẹ́nu, mo sì kán èròjà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí kéèkì sí i. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí iná kí àwọ̀ rẹ̀ lè pọ́n bíi tàwọn yòókù. Òwú dúdú ni mo fi so ó. Ẹ má rò pé mo ṣe é bákan ṣá. Kò sí iṣẹ́ tí mo fara balẹ̀ ṣe tó ìyẹn rí.

Ó kù kí n rí i dájú pé òun nìkan ló ń dé ẹnu rẹ̀. Mo sọ fún Osaro pé nǹkan dídùn ti ń da inú Bọ̀dá rú, pé olówùú dúdú ni kó máa fún un, kó má sì jẹ́ kó jẹ tẹlòmíì. Osaro kì í fi iṣẹ́ ṣeré, ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Bọ̀dá fúnra rẹ̀ wá bi mí ìdí tí òwú tirẹ̀ fi yàtọ̀, ó sì ní ó jọ pé adùn rẹ̀ ti dín kù. Mo ní dàbínò tó wà lọ́jà báyìí ni kò dùn. Mo tún ní nítorí pé alàgbà ni, èyí tó jáde dáadáa jù ni mo ń ṣà sọ́tọ̀ fún un. Irọ́ náà yọ̀ lẹ́nu mi bí omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó gbà mí gbọ́.

Oṣù méjì la fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kí Sátidé yẹn tó dé. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹnu Osaro ni mo ti gbọ́ ọ, ó ti sọ ọ́ fún mi tó ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀.

Ekpoma ni wọ́n ń lọ. Bọ̀dá ti lo oògùn rẹ̀ kó tó kúrò nílé, tíì lásán ló sì mu lé e. Nígbà tí wọ́n kọjá Ehor, Osaro rí i tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń rìn wọ́kọwọ̀kọ. Ó dúró, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun ti nọ́ọ̀kì ni, kí wọ́n má dààmú. Ó kó oúnjẹ mi jáde lápò, ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ èkejì, ó jẹ ẹ̀kẹta. Òṣìṣẹ́ báńkì ọjọ́sí yẹn na tirẹ̀ sí i, olówùú pupa. Osaro gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "No be him own," ló sọ fún un. Ẹlòmíì gbé málítì jáde látinú ọkọ̀. Osaro ní inú Bọ̀dá kò gba nǹkan dídùn, omi ni kí wọ́n fún un. Bí mo ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ.

Bọ̀dá jẹ ẹ̀kẹrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ní èdè Ìkàrẹ́. Lẹ́yìn náà ó yẹ̀ lulẹ̀, gìrì mú un. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sá eré títí dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára. Ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ kẹfà ló kú.

Osaro ló wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ rẹ̀ wá wò ó. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ló tó wá bá mi sọ ohun tí dókítà náà wí. Oògùn tí Bọ̀dá ń lò máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà ń fà á wálẹ̀, bí méjèèjì bá sì pàdé lára ẹni tí kò jẹun, ṣúgà á lọ sílẹ̀ débi pé ebi á máa pa ọpọlọ. Nǹkan dídùn ló ń gba èèyàn lásìkò yẹn, kíákíá: oyin, málítì, dàbínò, kódà ṣúgà lásán. Dókítà ní òun ti kìlọ̀ fún Bọ̀dá pé kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ láìmú un dání. Bọ̀dá ní kí dókítà fọkàn balẹ̀, òun ní obìnrin kan ní Uwasota tó ń ṣe é fún òun.

Osaro wò mí. "Mama, wetin dey inside that black one?"

Mo sọ fún un. Kò bú mi. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, mo sì mọ̀ pé málítì yẹn ló ń rí. Èmi ò rí ẹkún sun. Ohun tó ń yí lórí mi ni pé Bọ̀dá kò parọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Lóòótọ́ ni dókítà fọwọ́ sí i.

Anti Bísí kò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Wọ́n ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣúgà nìkan ló dì mú, ó sì gbà pé àwọn agunkẹ̀kẹ́ ló ń fún ọkọ òun ní nǹkan dídùn lẹ́yìn òun. Lọ́jọ́ ìsìnkú, kò jẹ́ kí Osaro àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọlé. Ìta ni wọ́n dúró sí nínú oòrùn. Èmi ló dì mọ́. Lójú gbogbo ìjọ, ó ní èmi nìkan ni mo ran òun lọ́wọ́, èmi nìkan ni mo fẹ́ kí ọkọ òun pẹ́ láyé. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí Osaro má fún un ní nǹkan dídùn; ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Mo dákẹ́.

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ohun tí Osaro wá sọ, mo ṣì dákẹ́. Mo pa ààrò, mo kó àwọn páànù wọ yàrá. Bí mo bá gbọ́ òórùn ẹ̀pà yíyan ládùúgbò, màá ti fèrèsé. Anti ń sọ kiri pé Osaro ló pa ọkọ òun, ó sọ ọ́ nínú ìjọ, ó sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Airport Road níbi tí Osaro ti ń tajà. Osaro mọ òótọ́, kò sì tú mi fó. Ó ní èmi ni mo lẹ́nu tí màá fi sọ ọ́. Bí ó ti ń dákẹ́ nítorí mi yẹn ló wá burú jù lójú mi, ó burú ju kó bú mi lọ.

Bó ṣe pé ogójì ọjọ́, mo lọ sílé Anti ní ọ̀sán. Tẹ́mi, ọmọbìnrin wọn, ló ṣílẹ̀kùn, ó ní "Mummy dey inside," ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Anti wà nínú yàrá, ó ń ká àwọn ẹ̀wù kẹ̀kẹ́ Bọ̀dá sínú àpótí. Ó sún kí n lè jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ohun tí dókítà sọ títí dé orí málítì tí Osaro dá padà, àti ẹni tó rán Osaro níṣẹ́. Mo sọ pé òtítọ́ ni Bọ̀dá ń sọ fún un nígbà tó ní dókítà fọwọ́ sí i. Mi ò sọ pé Anti fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣe é. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, apá ẹ̀wù kan náà ló ń ká, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó bi mí pé:

"Nígbà tí Bàbá Tẹ́mi ń jẹ ẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, kí ló sọ?"

Ó wù mí kí n ní n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti parọ́ fún Bọ̀dá, mo ti parọ́ fún Osaro, kò sí òmíràn lẹ́nu mi mọ́.

"Wọ́n ní kí Osaro fún àwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀," mo ní. "Wọ́n ní oúnjẹ Ṣadé kì í já àwọn kulẹ̀."

Anti Bísí gbé ẹ̀wù náà lé itan, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e. Mo ti múra sílẹ̀ kó gbá mi létí, mo tiẹ̀ fẹ́ kó gbá mi létí.

"Èmi ni mo bẹ̀ ọ́," ó ní.

"Èmi ni mo ṣe é, Anti."